Abúlé Tí Kò Sí Nínú Àtẹ: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Sọ ní Kabba

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gbogbo ọmọ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà níbí, Okun o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì, ìyẹn ìwádìí lórí dátà tí ìjọba ṣí sílẹ̀ fún aráàlú àti bí àwọn akọ̀ròyìn ṣe ń fi dátà gbé ìròyìn jáde. Kì í ṣe dátà tá à ń rà sórí fóònù o, àkọsílẹ̀ ni mò ń sọ: iye owó, iye èèyàn, iye ilé ìwé, orúkọ ibi tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ kànga sí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́, ni mo bá kọ ọ́, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ jẹ́ n mú un láti orí ohun tó wà nílẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ Kogí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹni tó bá ní fóònù ní Ìyàrà tàbí Mọ́pà lè ṣí i lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kó sì kà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ń gbé, o gbọ́dọ̀ mọ èèyàn kó o tó fojú kàn án. Ohun tó yí i padà ni ètò kan tí World Bank gbé kalẹ̀ lọ́dún 2018 tí wọ́n ń pè ní SFTAS, $750 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ kí owó yẹn kan òun nígbà yẹn gbọ́dọ̀ gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta, kó gbé ìṣirò owó tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò náà síta, láàárín àkókò tí wọ́n dá. Owó ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Inú mi dùn pé ó ṣí, àmọ́ mo fẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ariwo aráàlú ló ṣí i, ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò sì máa gbà kọjá, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tún tì í.

Ohun tí mo wá sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Dátà kì í já bọ́ látọ̀run. Èèyàn ló ń ka nǹkan, èèyàn ló ń tò ó sí ìlà, èèyàn náà ló ń pinnu pé ibi báyìí ni òun máa kà dé. Ibi tí ẹni tó ń kà á bá ti dá bírò rẹ̀ dúró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abúlé wa ti ń bọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ni kí n máa wá ibi tí bírò ti dúró, kí n sì béèrè ìdí.

Ọdún 2011 ni ọ̀nà náà là fún mi. Ní May 28 ọdún yẹn, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin Freedom of Information, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Lọ́dún yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ dá Open Government Partnership sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tó ṣèlérí pé àwọn máa ṣí iṣẹ́ àwọn sílẹ̀ fún aráàlú, Nàìjíríà ò wọ inú ẹ̀ títí di 2016. Lọ́dún 2011 yẹn náà ni Oluseun Onigbinde àti Joseph Agunbiade bẹ̀rẹ̀ BudgIT ní Yaba ní Èkó, wọ́n ń sọ bọ́jẹ́ẹ̀tì di àwòrán tí ẹni tí ò kàwé púpọ̀ lè wò kó sì yé e. Ẹ̀ka Mass Comm ni mo ti ń kọ́ni, mo wá sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé orí nǹkan yìí ni mo fẹ́ ṣe PhD mi lé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n máa fi mí sí, àwọn ará Mass Comm ní ìṣirò ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn ará Computer Science ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti pọ̀ jù. Ọdún púpọ̀ ni mo fi wà láàárín méjèèjì. Lónìí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó dúró sáàárín ló máa ń gbọ́ ohun tí ọ̀tún ń sọ àti ohun tí òsì ń sọ.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ tuntun ni, pé kọ̀ǹpútà ló bí i. Rárá o. Ìwé ìròyìn Guardian ti ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní May 5, 1821, wọ́n gbé àtẹ kan síbẹ̀ tó to orúkọ àwọn ilé ìwé ìlú náà, iye ọmọ tó wà níbẹ̀ àti iye owó tí wọ́n ń ná. Àwọn aláṣẹ ti ń sọ pé nǹkan bíi 8,000 ọmọ tálákà ló ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àtẹ yẹn fi hàn pé wọ́n sún mọ́ 25,000. Ìwé ìròyìn ò tíì pé ọjọ́ kan láyé, ó ti ń bá ìjọba jiyàn lórí iye. 

Ẹni tí mo máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi jù ni Ida B. Wells. Ìyá aláwọ̀ dúdú ni, ní Amẹ́ríkà, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1862, ó ṣe tíṣà, ó wá di akọ̀ròyìn. Lọ́dún 1892 wọ́n pa ọ̀rẹ́ ẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ní Memphis, àwọn jàǹdùkú ló pa wọ́n láìsí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣòwò ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń ṣe. Irú pípa báyìí pọ̀ nígbà yẹn, ohun tí gbogbo èèyàn sì ń sọ ni pé àwọn tí wọ́n pa ti fipá bá obìnrin òyìnbó lò. Wells ò jókòó kó máa sunkún nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́, ó ka ìlú, ó ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ọgbọ́n tó lò: kò lo iye tí àwọn èèyàn ẹ̀ fúnra wọn kó jọ, iye tí Chicago Tribune, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ funfun, tẹ̀ jáde ló lò, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé irọ́ ló pa. Nígbà tó gbé e jáde lọ́dún 1895, ó hàn pé kò tó ìdajì lára àwọn tí wọ́n pa tí wọ́n tiẹ̀ fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn rárá. Wọ́n ti ba ọ́fíìsì ìwé ìròyìn rẹ̀ jẹ́ kó tó dìgbà yẹn, kò lè padà sí Memphis mọ́. Tí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, obìnrin yẹn ló wà lọ́kàn mi. Ìjọba ò ka àwọn èèyàn ẹ̀, òun ló kà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kíkà. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin ìyá tó wà níbí mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí òyìnbó dé, tó sọ ibí di Kabba Province, kíkà wá di ọ̀rọ̀ owó orí, ẹni tí wọ́n bá kà ni wọ́n máa wá gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, tí ọkùnrin bá rí àwọn akọ̀wé lọ́nà, ọ̀nà oko ló máa gbà. Lẹ́yìn òmìnira ó tún yí padà, kíkà di ọ̀nà tí owó fi ń wọlé, gbogbo ìpínlẹ̀ fẹ́ pọ̀. Wọ́n kà wá lọ́dún 1963, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kà wá lọ́dún 1973, wọ́n fagi lé e pátápátá, wọ́n kà lọ́dún 1991, wọ́n kà lọ́dún 2006, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún 2023 ni wọ́n sún síwájú. Ìyẹn ni pé gbogbo iye tí ẹ bá gbọ́ nípa èèyàn tó wà ní Yàgbà tàbí Bùnú lónìí, orí kíkà 2006 ni wọ́n kọ́ ọ lé, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn sì ti tó ẹni tó ń dìbò báyìí. Wọ́n ń fojú bù ú ni. Kò burú pé wọ́n ń fojú bù ú, ó burú pé wọn kì í sọ ọ́, akọ̀ròyìn á gbé e, á kọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n kà á.

Ohun kejì tó máa ń dùn mí ni iye tó jẹ́ ti odindi ìpínlẹ̀. Kogí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní August 27, 1991, ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló ní lónìí. Igala wà níbẹ̀, Ebira wà níbẹ̀, àwa náà wà níbẹ̀, àwọn mìíràn wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé etí odò ní Lọ́kọ́jà tí ìkún omi 2012 àti 2022 gbé nǹkan ẹ̀ lọ àti ẹni tó ń gbé orí òkè ní Ẹ̀gbẹ̀, inú ìlà kan náà ni wọ́n wà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní NDHS, èyí tó ń sọ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye aboyún tó bímọ sí ọsibítù, bí wọ́n ṣe yan àwọn ilé tí wọ́n wọ̀, ìpínlẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀ lé lórí dé, kò lè sọ ti ìjọba ìbílẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní NDHS sọ pé báyìí ni nǹkan rí ní Mọ́pà-Muro, ẹ yáa béèrè ibi tó ti rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ fi irú ẹ̀ kọ thesis, mo ní kó lọ sí àwọn ọsibítù kéékèèké kó lọ wo rẹ́jísítà wọn, ó lọ, ó rí i pé ńṣe ni àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n ń fi ṣọwọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dá èsì padà fún wọn. Ìwé yẹn kún fún ọgbọ́n. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ oṣù tí ibà máa ń pọ̀, ó mọ abúlé tí aboyún ti ń pẹ́ kó tó dé, dátà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, kò kàn sẹ́ni tó bi í ni.

Ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́nì náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń wa kùsà ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n ń wa góòlù ní ìhà Ìsánlú. NEITI, àjọ ìjọba tí òfin 2007 gbé kalẹ̀, máa ń tẹ ìròyìn lórí ohun tí wọ́n wà àti owó tí ìjọba rí gbà. Ẹ ṣí i, orúkọ Kogí máa ń wà lókè lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́nì ti ń jáde jù, inú yín á dùn. Ẹ wá wò ó wínníwínní: limestone tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Obajana ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì àti páànù wa ilẹ̀ lẹ́yìn oko yín, tí ọlọ́kadà ń gbé ẹrù wọn lálẹ́, bírò ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ihò tí wọ́n gbẹ́ wà níbẹ̀, omi odò tó yí padà wà níbẹ̀, ìlà tó máa sọ ọ́ ni kò sí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti bọ́ọ̀hùlù kan, torí òun ló yí ọwọ́ ìwádìí mi padà. Abúlé kan ni, ní agbègbè Yàgbà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ dání. Ẹ̀yin tó bá ti wo àwọn iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin máa ń fi síbẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n á ní bọ́ọ̀hùlù oníṣóláà ní àwọn ìlú kan tí wọ́n yàn ní Kogí West, ó tán. Ìlú wo? Ta ló yàn án? Ibẹ̀ ni bírò dúró. À ń béèrè láti ìlú dé ìlú títí a fi dé abúlé yìí, a bá bọ́ọ̀hùlù, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn ìyá ń pọn omi, pátákó wà lára táńkì, fọ́tò olóṣèlú wà lórí pátákó. Gbogbo abúlé ló gbà pé àpò ara ẹ̀ ló ti yọ owó náà. Wọ́n ti gbé iṣu àti àgbò lọ dúpẹ́. A jókòó, a ka ìlà yẹn sí wọn létí, pé owó ìjọba ni, pé iye báyìí ni, pé ọ́fíìsì báyìí ló yẹ kó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Gbogbo ilé dákẹ́, bàbá àgbà kan wá bi wá pé, tó bá wá bàjẹ́ lọ́la, ṣé olóore làwọn máa lọ bẹ̀ ni àbí òṣìṣẹ́ làwọn máa lọ bi?

Mi ò tíì rí ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú jọ́nà kankan, ìyẹn ìwé tí àwa olùkọ́ yunifásítì ń kọ ìwádìí wa sí. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń wádìí ni bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí, irú ohun tí àwọn Tracka, ẹ̀ka BudgIT tó ń tọpa iṣẹ́ ìjọba, ti ń ṣe láti 2014, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò kóyán ẹ̀ kéré. Àmọ́ bàbá yẹn fi hàn mí pé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀ kí ó má sì jẹ́ ti aráàlú. Ohun tí wọ́n fi ṣe ọ́ lóore, ẹ̀bẹ̀ lo máa fi tọ́jú ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, wàá béèrè, wàá kọ lẹ́tà, wàá dúró gba èsì. Láti ìgbà yẹn, tá a bá dé ìlú kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tá a máa ń béèrè ni pé, ta lẹ rò pé ó ni ín? Ìdáhùn tá a ń gbà kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa nígbà míì.

Lẹ́tà tí mo dárúkọ yẹn, ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin 2011 yẹn ò ní kó o sọ ìdí tó o fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un tó bá gba bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá fi í dù ọ́ láìtọ́, ₦500,000 ni owó ìtanràn tó wà nínú òfin. Ẹni tí ò lè kọ̀wé lè lọ fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń jiyàn pé òfin Abuja ni, kò kan àwọn, àfi ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní April 2025 pé ó kan gbogbo wọn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Torí náà ẹ lè kọ ọ́ sí Lọ́kọ́jà, ẹ lè kọ ọ́ sí sẹkitéríàtì tó wà lẹ́yìn ilé yín.

Tí dátà bá wá dé ọwọ́ yín, ìyà míì ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fọ́tò ìwé ni wọ́n máa fún yín, tàbí PDF tí wọ́n síkáànù ní yíyí. Ẹ wo IReV ti INEC, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gbé èsì ìdìbò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2020 ni wọ́n ti ń lò ó, ẹnikẹ́ni lè rí ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò, ìbùdó 176,846 ló wà ní ìdìbò 2023. Ohun iyì ni. Àmọ́ fọ́tò ni gbogbo ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè ro ó pọ̀, àwọn akọ̀ròyìn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní láti jókòó kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tim Berners-Lee, ẹni tó ṣẹ̀dá Web, tiẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìràwọ̀ márùn-ún fún nǹkan yìí, tó o bá gbé e síta lásán ìràwọ̀ kan lo gbà, tó bá jẹ́ irú fáìlì tí ẹ̀rọ lè kà tí gbogbo ayé sì lè ṣí láìra sọ́fítíwíà, o ti dé mẹ́ta. Púpọ̀ nínú tiwa ṣì wà ní ìràwọ̀ kan.

Ẹ̀yin tó ń ronú pé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun kan tó ń bí mi nínú. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, iye jọ́nà tó o kọ ni wọ́n máa kà. Dátà tó o fi ọdún gbáko fọ̀ mọ́, tó o gbé sórí Zenodo, ibi ìkó-dátà-sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn míì lè lò ó, wọn ò ní kà á kún nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kúrà wá ń tọ́jú dátà wọn sínú flash, wọn kì í fẹ́ kí ẹnì kan fojú kàn án títí wọ́n fi máa rí gbogbo jọ́nà tó wà nínú ẹ̀ kọ jáde. Àwa tá à ń pariwo pé kí ìjọba ṣí dátà sílẹ̀, a ní láti ṣí tiwa. Mo ti ń sọ ọ́ ní gbogbo kọ̀mítì tí mo bá wà, mi ò sì ní dákẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde láti ẹ̀yìn. Mo ti gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n máa fi abúlé àti ọ̀nà oko wa sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kún. Bàbá ní, ọmọ mi, àwọn ajínigbé ń bẹ lójú ọ̀nà wa, ṣé kì í ṣe àwọn lo fẹ́ yà á fún? Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, torí ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa béèrè nìyẹn. Mo ní bàbá, òótọ́ lẹ sọ, kì í ṣe gbogbo nǹkan la ń ṣí sílẹ̀. Orúkọ aláìsàn, ilé tí opó ń dá gbé, ipa ọ̀nà tí àwọn fijilánté ń gbà, ìyẹn ò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gbé síta, ìjọba tiẹ̀ ti ṣòfin ààbò dátà lọ́dún 2023. Orúkọ abúlé, ilé ìwé, ọsibítù kékeré, bọ́ọ̀hùlù, àwọn yẹn ni ká fi síbẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ pín oògùn tàbí tó fẹ́ wá gba èèyàn là nínú wàhálà, máàpù yẹn ló máa wò. Ọ̀nà oko, ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó kó pinnu. Bàbá ní kí àwọn baálẹ̀ wà níbi ìjókòó yẹn o, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àbúrò obìnrin kan, ó ń ka NCE, béèrè bóyá ẹni tí ò mọ ìṣirò lè ṣe é. Mo ní tó bá lè ro owó ọjà, tó sì lè béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta láìsí pé inú bí i, ó lè bẹ̀rẹ̀, Excel á kọ́ ọ ní ìyókù. Kó kọ orúkọ gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní wọ́ọ̀dù ẹ̀, kó lọ ka kíláàsì tó ní òrùlé, kó ka tíṣà tó bá níbẹ̀, kó kọ déètì tó lọ, lẹ́yìn náà kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n fún un ní àkọsílẹ̀ tiwọn, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí méjèèjì ò bá ti bára mu ni ìròyìn wà. Ó ní ilé ìwé tó wà ní wọ́ọ̀dù òun ò pọ̀, òun lè parí ẹ̀ ní ọlidé. Àwọn mẹ́rin míì ní àwọn máa bá a ṣe é, gbogbo wọn ará Ìjùmú. Kabba-Bùnú náà ti ní èèyàn. Yàgbà West àti Mọ́pà-Muro ni kò tíì rí ẹni tó máa darí ẹ̀, ẹni tó bá ka èyí tó sì ń gbé níbẹ̀, kó bá mi sọ̀rọ̀, èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa wá kọ́ yín ní bẹ́ ẹ ṣe máa to àtẹ náà, a ò ní gba kọ́bọ̀.